Afẹ́fẹ́ Tí Ń Mú Omi Ẹja Kan, àti Bí A Ṣe Lè Lé E Jáde



Omi ni ilé ẹja. Bí ilé bá gbóná mọ́ ènìyàn, yóò jáde síta lọ gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n bí omi bá bàjẹ́ mọ́ ẹja, kò ní ibi tí yóò sá lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń sin ẹja fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú omi rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ iye oúnjẹ tí ó kù nínú àpò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ohun kan tí ojú kò rí, tí imú kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀, ni a fẹ́ bá yín sọ. Ohun náà ni afẹ́fẹ́ kábọ́nì dáyọ́ksáìdì, èyí tí ènìyàn, ẹran àti ẹja ń mí síta. Kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn, a óò máa pè é ní afẹ́fẹ́ àmísíta.

Bí afẹ́fẹ́ yìí bá pọ̀ jù nínú omi, omi a kan, ẹja a ṣàárẹ̀, kò ní jẹun dáadáa, kò sì ní dàgbà bí ó ti yẹ. Ohun tí ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń sáré lò, èyíinì ni kí a da láìmù sínú omi tí ẹja wà, lè pa gbogbo ẹja tán láàrin wákàtí díẹ̀ bí a kò bá mọ bí a ti ń lò ó. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ pH?

Ẹ mọ̀ pé ọsàn wẹ́wẹ́ a máa kan. Ẹ sì mọ̀ pé omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú kì í kan. Ńṣe ni ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, bí ó bá sì mú jù, a máa jó ni lára. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ibi tí omi kọ̀ọ̀kan dúró sí láàrin àwọn méjèèjì yìí. Òṣùwọ̀n náà ni wọ́n ń pè ní pH. Onímọ̀ ará Denmark kan, Søren Sørensen, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1909. Láti 0 dé 14 ni ó lọ. 7 sì ni àárín gbùngbùn. Omi tí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 7 jẹ́ omi kíkan; èyí tí ó bá ga ju 7 lọ wà ní ìhà omi eérú.

Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìyàtọ̀ ẹyọ kan lórí òṣùwọ̀n yìí. Omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 6 kan ju èyí tí ó jẹ́ 7 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tí ó jẹ́ 5 sì kan jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹja àrọ̀ àti ẹja èpìyà a máa gbádùn omi tí pH rẹ̀ wà láàrin 6.5 àti 9. Bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 5, ẹja kò ní lè dàgbà. Bí ó bá wá sọ̀ kalẹ̀ dé 4, tàbí tí ó gòkè dé 11, ikú ni ó kàn.

IBI TÍ AFẸ́FẸ́ ÀMÍSÍTA TI Ń WÁ

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó máa ń gbà wọ inú omi.

Èkíní ni ẹja fúnra rẹ̀. Bí ẹja bá mí ọ́síjìn kílò kan sínú, ó lè mí afẹ́fẹ́ àmísíta tí ó tó nǹkan bí kílò 1.4 síta. Àwọn àgbẹ̀ kan a máa sọ pé ẹja àrọ̀ kò ní wàhálà, nítorí pé ó lè yọ orí sókè kí ó mí láti inú atẹ́gùn. Òtítọ́ ni pé ó lè gba ọ́síjìn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú omi ni ó ń mí púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ àmísíta rẹ̀ sí. Nítorí náà, ẹja àrọ̀ tí ó pọ̀ nínú táǹkì kékeré lè wà láàyè, kí omi rẹ̀ sì ti kan kọjá ààlà.

Èkejì ni oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ tí ó ń yà. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyí bá ń jẹrà ní ìsàlẹ̀ omi, àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìn-tín tí ń jẹ wọ́n náà ń mí.

Ẹ̀kẹta ni ewé wẹ́wẹ́ tí ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa ràn wọ́n lọ́wọ́ láti fi afẹ́fẹ́ àmísíta ṣe oúnjẹ, pH omi a sì gòkè. Ní òru, oòrùn kò sí. Wọn kò lè ṣe oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun mímí. Afẹ́fẹ́ náà a wá kó jọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdí nìyí tí pH adágún fi máa ń kéré jù lọ ní ìdájí, tí ó sì máa ń ga jù lọ ní ọ̀sán gangan títí dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ń wọn omi rẹ̀ ní ọ̀sán nìkan kò tíì mọ ìdajì ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹja rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni omi kànga àti ti bọ́họ̀ọ̀lù. Omi tí ó ti pẹ́ ní abẹ́ ilẹ̀ a máa kó afẹ́fẹ́ àmísíta jọ, ọ́síjìn inú rẹ̀ a sì kéré. Ní àwọn ilẹ̀ oníyanrìn tí ó wà ní ìhà etí òkun, bí agbègbè Èkó, omi abẹ́ ilẹ̀ a sábà máa kan. Ẹni tí ó bá fa irú omi bẹ́ẹ̀ tààrà sórí ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àdánù sílẹ̀.

ÌDÁNWÒ TÍ KÒ GBA OWÓ PÚPỌ̀

Kí a tó ra oògùn kankan, ẹ jẹ́ kí a mọ àrùn. Ẹ ra bébà ìdánwò pH, tàbí èyí tí ó jẹ́ olómi, lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò ẹja. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe báyìí:

1. Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ẹ bu omi adágún tàbí ti táǹkì kún inú korobá mímọ́ kan. Ẹ wọn pH rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

2. Ẹ gbé korobá náà sí ìta gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ṣùgbọ́n kí oòrùn má ṣe ràn sí i. Ẹ máa fi ẹ̀rọ kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ fún wákàtí kan, tàbí kí ẹ máa da omi náà láti inú korobá kan sí òmíràn láti òkè wá.

3. Ẹ tún wọn pH rẹ̀.

Bí pH bá gòkè dáadáa, bí àpẹẹrẹ láti 6.2 dé 7.3, afẹ́fẹ́ àmísíta ni ó ń mú omi yín kan. Kò sí ìdí láti sáré ra láìmù. Atẹ́gùn ni omi yín ń fẹ́. Ṣùgbọ́n bí pH kò bá kúrò lójú kan, tí ó ṣì wà ní ìsàlẹ̀ 6.5, a jẹ́ pé omi tàbí ilẹ̀ yín fúnra rẹ̀ ni ó kan, kò sì ní èròjà láìmù tí ó tó láti dènà ìkan. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ láìmù.

Bí táǹkì yín bá wà nínú ilé, ẹ ṣe ìdánwò kan náà nígbà méjì: ẹ̀ẹ̀kan nínú ilé, ẹ̀ẹ̀kan ní ìta. Bí pH bá gòkè ní ìta ṣùgbọ́n tí kò gòkè nínú ilé, afẹ́fẹ́ inú yàrá yín ni kò mọ́.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ OMI ÒKUN TÍ A Ń SÌN NÍNÚ GÍLÁÀSÌ

Àwọn ènìyàn kan wà ní ìlú òyìnbó àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn tí wọ́n ń sin ẹja òkun àti iyùn òkun nínú àpótí gíláàsì fún ìgbádùn ojú. pH omi òkun gan-an tó nǹkan bí 8.1. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òtútù tàbí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, èémí àwọn ará ilé a máa kó jọ. Nínú atẹ́gùn ìta lóde òní, afẹ́fẹ́ àmísíta jẹ́ nǹkan bí ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú yàrá tí a tì pa, ó lè tó ìdá 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, pH omi òkun inú gíláàsì náà lè sọ̀ kalẹ̀ dé 7.8. Iyùn kò ní lè kọ́ egungun rẹ̀ dáadáa nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọ́n ṣe agolo kan tí ń fọ afẹ́fẹ́. Wọ́n rọ sódà láìmù, tí ó rí wóró-wóró, kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ sínú omi yóò kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ náà gba inú agolo yìí kọjá. Láìmù yóò gbá afẹ́fẹ́ àmísíta mú, yóò sì sọ ọ́ di ohun tí ó dà bí ṣọ́ọ̀kì. Afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ nìkan ni yóò dé inú omi, pH yóò sì gòkè. Irú sódà láìmù yìí kan náà ni àwọn dókítà ń lò nínú ẹ̀rọ tí ń pa aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ a máa yí padà, wọn a sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbẹ̀ ra irú agolo bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láìmù inú agolo náà tí ó wọn kílò kan kò lè gbá ju nǹkan bí kílò 0.6 afẹ́fẹ́ àmísíta mú, ṣáṣá sì ni ó máa ń tó bẹ́ẹ̀. A sì ti sọ pé ẹja tí ó mí ọ́síjìn kílò kan lè tú nǹkan bí kílò 1.4 jáde. A jẹ́ pé ó lé ní kílò méjì láìmù tí a óò máa sọnù fún ọ́síjìn kílò kan péré. Owó àgbẹ̀ wo ni yóò tó o? Fún ẹni tí ó ní àpótí gíláàsì kan nínú pálọ̀, ó dára; fún ẹni tí ó ní ẹja ẹgbẹ̀rún kan nínú táǹkì, kò mú ọgbọ́n wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún wa: irú afẹ́fẹ́ tí a bá fẹ́ sínú omi ni omi yóò jọ. Àwọn ará ìlú òtútù ń fi owó fọ afẹ́fẹ́ nítorí pé wọn kò lè ṣí fèrèsé. Àwa ní atẹ́gùn mímọ́ ní ìta ní ọ̀fẹ́, a kò sì kà á sí. Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ni í gbé.

BÍ A ṢE LÈ LÉ AFẸ́FẸ́ ÀMÍSÍTA JÁDE

Ẹ jẹ́ kí omi bọ́ láti òkè. Ẹ má ṣe ri ẹnu páìpù bọ inú táǹkì. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi ike tí a dá ihò wẹ́wẹ́ sí lára sí ẹnu rẹ̀, kí omi lè fọ́nká bí òjò kí ó tó balẹ̀. Bí omi ti ń fọ́nká ni afẹ́fẹ́ àmísíta ń jáde, tí ọ́síjìn sì ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí omi bọ́họ̀ọ̀lù sinmi. Ẹ fà á sínú táǹkì mìíràn, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti ọmọ ẹja.

Ẹ ṣí ilé ìpa-ẹyin ẹja yín sílẹ̀. Kí fèrèsé wà ní ìhà méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Ẹnu ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi gbọ́dọ̀ máa fa ti ìta, kì í ṣe ti inú yàrá. Ẹ má sì ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúnáwá láéláé. Èéfín rẹ̀ ni yóò máa fà sínú omi. Ẹ̀rọ amúnáwá kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé rárá, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn kí ó tó pa ẹja.

Ẹ dín oúnjẹ àjẹṣẹ́kù kù. Bí ẹja bá ti dẹ́kun fífi ìtara jẹun, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì jáde déédéé.

LÁÌMÙ: Ọ̀RẸ́ ÀGBẸ̀, Ọ̀TÁ ALÁÌMÒYE

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ẹfun funfun tí a ń tà lọ́jà kì í ṣe láìmù. Amọ̀ ni, kò sì lè mú ìkan kúrò nínú omi. Láìmù oko ni òkúta láìmù tí a lọ̀ kúnná, irú òkúta tí a ń wà ní Ewékorò àti ní Ṣágámù fún síméǹtì. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ewu rẹ̀ kò sì pọ̀. Láìmù sísun ni èyí tí a ti fi iná sun. Láìmù tí a fi omi pa ni èyí tí a ti bu omi sí lẹ́yìn tí a sun ún. Àwọn méjèèjì yìí le púpọ̀. Wọ́n lè jó awọ ara, wọ́n sì lè fọ́ ojú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo ojú àti imú, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Àkókò tí ó dára jù lọ láti lo láìmù ni ìgbà tí adágún bá gbẹ, kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Fún ilẹ̀ tí ó kan, ẹ fọ́n láìmù oko gíráàmù 100 sí 200 sórí mítà kan ní ìbú àti òòró. Adágún tí ó jẹ́ mítà 10 sí 20 yóò gba kílò 20 sí 40. Ẹ fọ́n ọn ká gbogbo ilẹ̀ tí ó ṣì tutù, ẹ fa omi sí i, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó kó ọmọ ẹja sí i. Ẹ má ṣe da ajílẹ̀ àti láìmù pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, nítorí láìmù a máa gbá èròjà fọ́sífọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ mú, kò sì ní ṣiṣẹ́.

Ti táǹkì kọnkéré tuntun yàtọ̀. Síméǹtì tuntun ń tú láìmù sínú omi, pH rẹ̀ a sì ga jù. Ẹ kún un lómi, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe léraléra títí pH yóò fi wá sí ìsàlẹ̀ 9.

EWU TÍ Ó FARA PAMỌ́

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ nìyí. Ẹja a máa tú ammonia jáde sínú omi. Ní pH 7, tí omi sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ti ilẹ̀ wa, nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún ammonia náà péré ni ó jẹ́ irú èyí tí ń pa ẹja. Ní pH 8, ó di nǹkan bí ìdá 6.5. Ní pH 9, ó di nǹkan bí ìdá 40. Ìkan omi náà ni ó so májèlé mọ́lẹ̀ bí ẹni so ajá. Ẹni tí ó bá da láìmù líle sínú omi ìdọ̀tí tí ẹja pọ̀ sí ti tú ajá náà sílẹ̀.

Ẹ wo bí láìmù tí a nílò ti kéré tó. Táǹkì tí ó gùn ní mítà 5, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1, gba lítà 10,000. Bí mílígíráàmù 20 afẹ́fẹ́ àmísíta bá wà nínú lítà kan, nǹkan bí gíráàmù 168 láìmù tí a fi omi pa ni ó tó láti gbá gbogbo rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá da kílò márùn-ún sí i, pH yóò kọjá 11, kò sì sí ẹja tí yóò yè é. Nítorí náà, níbi tí ẹja bá wà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi, kí ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i.

Bí ìdánwò bá fi hàn pé omi táǹkì kò ní agbára láti dènà ìkan, sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó rọ̀ jù láìmù líle lọ, nítorí kì í sábà gbé pH kọjá 8.3. Fún lítà 10,000, nǹkan bí gíráàmù 840 yóò fi mílígíráàmù 50 kún agbára náà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pò ó nínú korobá, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì máa wọn pH láàrin wọn. Ẹ má ṣe ṣi sódà onínáwo tí a fi ń ṣe ọṣẹ mú fún un. Májèlé ni fún ẹja.

KÍ Ẹ MÁ ṢE GBÀGBÉ

Ẹ wọn omi yín ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ṣe ìdánwò korobá kí ẹ tó ná owó. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ àmísíta ni, ẹ fún omi ní atẹ́gùn. Bí ó bá jẹ́ àìní láìmù ni, ẹ fi láìmù oko tún ilẹ̀ ṣe kí ẹja tó wọlé. Ẹ má ṣe da láìmù líle lé ẹja lórí nínú omi ìdọ̀tí.

Bí ohunkóhun kò bá yé yín, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ pH yín lọ bá òṣìṣẹ́ agbani-nímọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín. Ẹ bu omi sínú ìgò mímọ́, ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má bàa sá lọ, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.